Láti Ọwọ́ Dé Ẹ̀rọ: Ìtàn Wàrà Fífún àti Àlàáfíà Màlúù

Àwọn àgbà a máa sọ pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin. Òwe náà dùn létí, ó sì ń fi ọkàn aláìní balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè: màlúù tí ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn ńkọ́, ta ni ń bá òun lé eṣinṣin? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà nínú àròkọ yìí, bí mo ti ń tọ ipasẹ̀ wàrà láti ọwọ́ Fúlàní tí ń fún un sínú igbá, títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń dá a fún láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀ rárá, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìdànrè nínú ọ̀rọ̀ wàrà. Kòkó àti òkè ni a fi mọ ìlú wa, kì í ṣe màlúù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó mú mi gbé kálámù. Èkíní ni pé agboolé wo ni ó wà ní Ìdànrè tí wàrà inú agolo kò wọ̀ rí? A ń mu ún, a kì í sì í bèèrè bí ó ti ṣe kúrò lára ẹran tí ó ni ín. Èkejì ni pé òfin ti dé ní ìpínlẹ̀ wa tí kò fẹ́ kí màlúù máa jẹko káàkiri mọ́, ẹran tí ó bá sì dúró lójú kan ti di ẹrù ẹni tí ó so ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÌLÚ TÍ KÌ Í ṢE ILÉ MÀLÚÙ

Lórí òkè ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní nǹkan bí 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, tí Odòde, Aládé àti Atòsìn fi di ibi tí a mọ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí ó lé ní 600, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń da agbo màlúù gbà. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ àti ajá ni ohun ọ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni ó dí màlúù lọ́nà. Igbó tí ó yí òkè ká ni.

Eṣinṣin kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse ni ó fi igbó náà ṣe ilé. Òun ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn sunrunsunrun fún ènìyàn, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń mú kí màlúù rù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù, kí oyún rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì kú níkẹyìn. Eṣinṣin kékeré yìí ni ó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì ní ti màlúù. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ní ìhà Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn, Fúlàní lè tẹ̀dó pẹ̀lú màlúù oníké rẹ̀. Ní igbó ìhà Oǹdó àti Ìdànrè, màlúù oníké tí ó bá dé láyé àtijọ́, ọjà ni ó ń lọ, kì í ṣe ilé.

Irú màlúù kan wà ní igbó gúúsù Nàìjíríà tí tsetse kì í tètè pa. Muturu ni a ń pè é. Ó kúrú, kò sì ní iké. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sìn ín kì í fún wàrà rẹ̀. Ohun ọlá ni, ohun ìrúbọ ni, ohun ìsìnkú àgbà ni. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ọmú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí tí àwa ará igbó fi mọ màlúù ní ẹran ọbẹ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n ní ìyá wàrà.

Inú agolo ni wàrà gbà wọ ilé wa. Ní 1954 ni wàrà Peak kọ́kọ́ dé Nàìjíríà láti Hóláǹdì. Ní 1973 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ WAMCO sílẹ̀ ní Èkó láti máa ṣe é níhìn-ín, ṣùgbọ́n láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wàrà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó kòkó ni àwọn ìyá wa fi ń rà á sínú tíì àti ẹ̀kọ ọmọdé. Hóláǹdì kan náà yìí ni rọ́bọ́ọ̀tì ti kọ́kọ́ wọ oko àgbẹ̀ ní 1992. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará ọ̀run ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ inú ife tíì wa ni.

Ní ti òfin tí mo mẹ́nu bà, gbogbo wa la mọ ohun tí ó fà á. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti gba ẹ̀mí, ó sì ti ba oko jẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí ó di òpin oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó buwọ́ lu òfin tí ó ka jíjẹko káàkiri léèwọ̀. N kò ní jiyàn lórí òfin náà níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Màlúù tí kò bá rìn lọ bá koríko, koríko gbọ́dọ̀ rìn wá bá a. Omi náà gbọ́dọ̀ wá bá a, òjìji náà gbọ́dọ̀ wá bá a. Ẹni tí ó bá sì ná gbogbo owó yẹn kò ní gbà kí ẹran rẹ̀ jẹ́ ẹran ọbẹ̀ nìkan. Yóò fẹ́ wàrà, yóò sì fẹ́ ẹ púpọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń wọlé.

Ọ̀RỌ̀-ÌṢE MẸ́TA

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, n kò lè kọjá lára ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó pín ìtàn yìí fún mi. Ọmọ màlúù a máa mu ọmú. Ènìyàn a máa fún wàrà, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún aṣọ tútù àti ọsàn. Ọ̀rọ̀ náà gbé ọwọ́ sínú ara rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a lè fún láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kì í mu, bẹ́ẹ̀ ni kì í fún; fífà ni ó ń fà á, bí ọmọdé tí ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi. A lè máa pe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan, ṣùgbọ́n màlúù mọ ìyàtọ̀ wọn. Mu, fún, fà: bí ayé ti ń lọ láti èkíní dé ẹ̀kẹta ni kí a máa wò báyìí, kí a sì máa bèèrè ní ìpele kọ̀ọ̀kan pé ta ni ń dúró de ta, ta sì ni ń wo ojú ẹran.

FÚN

Ní ibùdó Fúlàní, wọ́n a máa so àwọn ọmọ màlúù mọ́ okùn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní daangol ní èdè wọn, kí wọn má baà mu ọmú tán mọ́jú. Ní òwúrọ̀ wọn a tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ a sáré lọ bá ìyá rẹ̀, a fi imú ti ọmú, a bẹ̀rẹ̀ sí mu. Bí wàrà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, wọn a fà á kúrò, wọn a so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀. Ìyá a máa lá a, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, ẹni tí ń fún wàrà a sì lóṣòó tì í pẹ̀lú igbá. Wọn kì í fún un tán. Wọn a ṣẹ́ díẹ̀ kù, wọn a tú ọmọ sílẹ̀ kí ó wá jẹ ìpín tirẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń rí mú nínú rẹ̀ lóòjọ́ lè má ju lítà kan tàbí méjì lọ. Nínú agbo bẹ́ẹ̀, màlúù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ẹni tí ń dà wọ́n sì mọ èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn kí ó tó dìde.

Ẹni tí kò mọ̀dí lè rò pé ojú àánú nìkan ni wọ́n fi ń mú ọmọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà kò rí bí omi inú ìkòkò tí a kàn lè dà jáde. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú àwọn àpò kéékèèké lókè ọmú, ọpọlọ ni ó sì ń rán oje kan tí ń jẹ́ oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀ kí àwọn àpò náà tó tì í sílẹ̀. Ìfọwọ́kàn, ẹnu ọmọ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó ń pe oje náà. Ìpayà ni ó ń lé e sá. Ní 1941, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Ely àti Petersen, fi èyí hàn kedere: wọ́n gbé ológbò lé màlúù lẹ́yìn, wọ́n sì ń fọ́ àpò bébà gbàà létí rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fún un, wàrà kò sọ̀ bí ó ti yẹ. Ohun tí wọ́n fi ológbò àti bébà wádìí, Fúlàní ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Okùn kékeré tí ó so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ ìyá ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí wàrà.

Láti inú igbá ni wàrà ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn ni ń sọ ọ́ di nónò. Àwọn náà ni ń fi omi ewé bomubomu sí i lórí iná títí tí yóò fi dì, tí yóò sì di wàràkàṣì tí gbogbo wa ń rà lọ́jà, yálà ní tútù tàbí ní díndín. Owó rẹ̀, owó obìnrin ni, owó ọbẹ̀ àti aṣọ ọmọ. Kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún kàn án níwájú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi oyin pa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù Fúlàní a máa rìn jìnnà kí ó tó rí omi, egungun ìhà rẹ̀ a sì yọ. Nígbà náà, ènìyàn àti ọmọ màlúù jọ ń du wàrà tí kò tó, ọmọ a sì máa jìyà. Ọwọ́ tí ó fún un lè má mọ́. Wàrà tí a kò sè lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn brucellosis wọ ara ẹni tí ó mu ún. Ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó.

FÀ

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí àwọn ìlú ńlá ti ń kún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ kò lè fún wàrà tó mọ́. Ní 1879 obìnrin kan ní New Jersey, Anna Baldwin, gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò kan tí ó fi rọ́bà bo ọmú, tí ó sì fi ẹ̀rọ ìfami fa wàrà jáde. Ní 1889 William Murchland ti Kilmarnock ní Skọ́tílándì ṣe ẹ̀rọ tí ń lo agbára òfìfo láti fa ọmú. Ó fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fà á láìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ń pé jọ sí orí ọmú, ọmú ń wú, màlúù ń tàpá.

Kí ni ọmọ màlúù ń ṣe tí ẹ̀rọ yìí kò ṣe? Ọmọ a mu, a gbé e mì, a mí, kí ó tó tún mu. Ìsinmi kékeré yẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi ń padà kúrò lórí ọmú. Ní 1895 ni Alexander Shiels ti Glasgow gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń jẹ́ Thistle, tí ó ń fà, tí ó ń dẹ̀ ẹ́, tí ó ń fà, tí ó ń dẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, Alexander Gillies ní Ọsirélíà ṣe ife onílé méjì, rọ́bà nínú, irin lóde, kí ìdẹ̀sílẹ̀ náà lè kan ọmú gan-an. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ ìfàwàrà dúró títí dòní. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kò wúlò títí ó fi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ màlúù.

Síbẹ̀, ohun kan yí padà. Nígbà ọwọ́, ènìyàn ń dúró de màlúù. Nígbà ẹ̀rọ, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí dúró de aago. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń kó wọn jọ sí àgbàlá oníkankéré, wọn a dúró lórí ẹsẹ̀ títí yóò fi kàn wọ́n. Ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń fi sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmú tí ó tètè gbẹ yóò máa jẹ ìyà títí èyí tí ó lọ́ra yóò fi tán. Ọmọ, tí Fúlàní so mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ń gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Màlúù funfun-òun-dúdú ti Hóláǹdì sì di ẹran tí ń mú ju 20 lítà wá lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ìlọ́po ohun tí ọmọ rẹ̀ lè mu.

Ní 1964, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ruth Harrison, kọ ìwé tí ó pè ní Animal Machines. Ó fi han àwọn ará ìlú rẹ̀ pé àwọn ẹran oko ti di ẹ̀rọ lójú olówó. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell, tí ó jábọ̀ ní 1965. Láti inú ìjábọ̀ yìí ni òmìnira márùn-ún ti jáde ní 1979, èyí tí a fi ń wọn àlàáfíà ẹran oko káàkiri ayé: kí ẹran bọ́ lọ́wọ́ ebi àti òùngbẹ, kí ó bọ́ lọ́wọ́ ìnira ibùgbé, kí ó bọ́ lọ́wọ́ ìrora, ọgbẹ́ àti àrùn, kí ó lè hu ìwà tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù àti ìpọ́njú ọkàn. Òṣùwọ̀n tí ó dára ni, n ó sì lò ó fún ẹ̀rọ tuntun tí ó kàn.

Ẹ̀RỌ TÍ Ó Ń DÚRÓ DE MÀLÚÙ

Ní 1992 ni rọ́bọ́ọ̀tì ìfàwàrà wọ oko àgbẹ̀ ní Hóláǹdì. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko ló ń lò ó. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Màlúù ní àmì kan lọ́rùn tàbí létí. Nígbàkígbà tí ó bá wù ú, lọ́sàn-án tàbí lóru, a rìn wọ inú àgọ́ kékeré kan, nítorí oúnjẹ aládùn wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ a ka àmì rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ a ṣí ilẹ̀kùn kí ó máa lọ. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, apá irin a nà sábẹ́ rẹ̀, a fọ ọmú rẹ̀, a fi ìmọ́lẹ̀ láńsà àti kámẹ́rà wá orí ọmú, a fi ife sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmú tí ó bá kọ́kọ́ tán ni ó kọ́kọ́ ń tú sílẹ̀, kò sí pé ọ̀kan ń dúró de èkejì. A wọn wàrà ọmú kọ̀ọ̀kan, a sì wọn bí iná mànàmáná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí iyọ̀ a máa pọ̀ nínú wàrà ọmú tí ó fẹ́ wú. Ẹ̀rọ kan tó fún nǹkan bí 60 màlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Bí a bá fi òmìnira márùn-ún wọ̀n ọ́n, a ó rí i pé ó gbé nǹkan wá. Màlúù kò dúró de aago mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń dúró de màlúù. Kò sí igbe, kò sí ọ̀pá, kò sí ìtì síwá tì sẹ́yìn lágbàlá. Ọmú tí ó kún ń dùn ún, ó sì lè lọ tú u fúnra rẹ̀. Àrùn ọmú wíwú tún lè hàn nínú nọ́ńbà kí ojú tó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Màlúù tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í fẹ́ rìn lọ bá ẹ̀rọ. Ó ń dúró sẹ́yìn, ọmú rẹ̀ ń kún, bí ènìyàn kò bá sì lọ mú un wá, ìyà rẹ̀ di méjì. Màlúù tí kò lágbára láàárín ẹgbẹ́ a máa dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àwọn alágbára ń lé e sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ oko onírọ́bọ́ọ̀tì a máa dín jíjẹko ìta kù, kí ẹran má baà jìnnà sí ẹ̀rọ. Màlúù tí ọmú rẹ̀ kò bá rí bí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ ni wọ́n ń tà fún apẹran. Ọmọ kò sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn tí ó wádìí ìpayà ẹran nínú rọ́bọ́ọ̀tì, tí wọ́n fi wé ti ẹ̀rọ àtijọ́, kò rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín méjèèjì. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí olóko ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ara ẹran ń dá. Ibi tí kò ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kò gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè fà, ó lè wọ̀n, ó lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kò lè káàánú. Olóko tí ó bá fi àkókò tí ẹ̀rọ fún un lọ wo ẹsẹ̀ àti ojú màlúù rẹ̀ ti ṣe rere. Èyí tí ó bá fi ojú kọ̀ǹpútà nìkan wò wọ́n ti sọ ohun tí Fúlàní ní nù.

ILẸ̀ TIWA

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí ìgbà pípẹ́ ni ìjọba wa ti ń lé wàrà kiri. Ní ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n mú màlúù N'Dama, tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Gíní wá, sí àwọn oko ẹran bí Faṣọlá àti Upper Ogun ní ìhà Ọ̀yọ́, nítorí tsetse kì í tètè pa á. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹran tí ó gba ìyà igbó kì í sábà jẹ́ ẹran tí ń da wàrà bí òjò.

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, ìjọba dá oko màlúù wàrà sílẹ̀ ní Ìkún-Èkìtì ní àwọn ọdún 1980. Oko náà ṣubú, igbó sì bò ó. Lẹ́yìn tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ ní 1996, ó tún pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, títí di àkókò Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, tí ìjọba rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ Promasidor fi jọ dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀. Ní Kwara, ìjọba Gómìnà Bùkọ́lá Sàràkí bá àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn ní Zimbabwe sọ̀rọ̀ ní 2004, àwọn 13 nínú wọn sì dé Shonga ní 2005. Wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ìfàwàrà, wọ́n ní ilẹ̀. Ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni ọ̀nà tí kò dára, owó yíyá tí ó ṣòro, àti iná mànàmáná tí kò dúró, tí ó fi jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbára lé.

Níbi ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Màlúù tí ń mú 20 lítà wá kò lè dúró de iná ìjọba. Bí ẹ̀rọ bá kú lówùúrọ̀, ọmú rẹ̀ yóò le bí òkúta kí ó tó di alẹ́, ìrora ni, àrùn ọmú wíwú sì lè tẹ̀ lé e. Màlúù Fúlàní tí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n múná lọ. Ọmọ rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ooru: màlúù Hóláǹdì ń bẹ̀rẹ̀ sí rí ìnira bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ta ni kò sì mọ bí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ti ń rí nísàlẹ̀ àpáta Ìdànrè? Bí a bá kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ wá láìsí òjìji, omi àti afẹ́fẹ́, a ti jẹ ẹ́ níyà kí a tó fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kàn án.

Ohun tí ó fún mi ní ìrètí jù ni èyí tí ariwo rẹ̀ kéré jù. Láti 2010, WAMCO ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n gbé àgbá tí ń mú wàrà tutù kalẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń fún un, ọmọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ nílò kì í ṣe èyí tí ń fa wàrà bí kò ṣe èyí tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, báǹkì àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni òun yóò fún láǹfààní owó òkèèrè láti fi kó wàrà wọlé. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Èyí fi hàn pé owó ń bọ̀ wá sínú ọ̀rọ̀ wàrà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra o. Wàrà tí ó ń wọ àgbá ilé iṣẹ́ kò wọ igbá obìnrin mọ́, bí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin ni ó ń gbé e lọ tí ó ń gba owó, owó ọbẹ̀ ti sá kúrò nínú ilé nìyẹn.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Èrò mi kò gùn. Bí ìpínlẹ̀ wa bá fẹ́ kí màlúù dúró lójú kan, kí a tò ó bí ó ti yẹ kí a tò ó. Omi ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ koríko tí a gbìn, òjìji, àti oògùn tsetse lọ́wọ́ dókítà ẹran. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbá tí ń mú wàrà tutù àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìfàwàrà lè tẹ̀ lé e níbi tí iná bá dúró. Rọ́bọ́ọ̀tì ni ìgbẹ̀yìn, kì í sì ṣe nítorí pé a kò lajú tó o, bí kò ṣe pé ẹran ni yóò san gbèsè ohun tí a fò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e wálẹ̀ lónìí láìní omi àti iná, ọmú màlúù ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Iṣẹ́ kan kù fún àwa tí a ń kọ́ èdè pẹ̀lú. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní fún màlúù láti ẹnu apẹran pọ̀: a mọ ṣàkì, a mọ pọ̀nmọ́, a mọ bọ̀kọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ni a ní fún màlúù tí ó wà láàyè, fún ìrìn ẹran tí ẹsẹ̀ ń dùn, fún ọmú tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wú? Àwọn Yorùbá Òkè Ògùn tí ó ti bá Fúlàní gbé láti ọjọ́ pípẹ́ ní wọn lẹ́nu. Kí ẹgbẹ́ wa lọ gbà wọ́n sílẹ̀, nítorí ohun tí a kò lórúkọ fún, ó ṣòro kí a tó ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó jókòó sí ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́la, tí wọn yóò gbé ìwé rírà ẹ̀rọ wá fún láti buwọ́ lù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá pé omi dà, koríko dà, ta sì ni yóò máa wo ẹsẹ̀ wọn lówùúrọ̀.